Ẹ̀yìn Lísìtì Ni Kí O Ti Bẹ̀rẹ̀, Kẹ́hìndé

Rolla, Sharjah,
Ọjọ́ Ẹtì, ọdún 1999.

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Alhaja tó máa ń wá ra aṣọ ní ọjà Naif níbí ló mú un wá, ó sì ní ọjọ́ Àìkú lòun ń padà sí Èkó, nítorí náà ọjọ́ méjì péré ni mo ní láti fèsì. Ìlà mẹ́ta lo kọ. Mo kà á nínú ṣọ́ọ̀bù, mo kà á nínú bọ́ọ̀sì láti Deira títí a fi dé Sharjah, mo sì ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí. O ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Mọ́kọ́lá ti gbà ọ́ síṣẹ́ olùkọ́. O ní lísìtì ni wọ́n ní kí o kọ́kọ́ kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. O ní Táíwò sọ fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà kan, pé tí mo bá ní ohunkóhun láti sọ, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́. O ò béèrè bí ara mi ṣe wà. Mi ò bínú. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ̀wé sí ọ tí o ò fèsì, ìlà mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi.

Kú oríire, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ náà tù ọ́ lára. Ìdùnnú nìkan ló yẹ kí n kọ sínú ìwé yìí, kí n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, lísìtì gan-an ni wọ́n wá gbé lé ọ lọ́wọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ojú ewé mélòó kan lọ. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́ nípa rẹ̀ ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún méje, mi ò sì rí bí mo ṣe fẹ́ kọ́ ọ ní ti àkọ́kọ́ kí n fi ìkejì pa mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, kà á tán kí o tó fà á ya.

Èkíní, má fi ọ̀rọ̀ ńlá dẹ́rù bà wọ́n. Ìwé tí wọ́n máa fún ọ, ọ̀rọ̀ gígùn ló kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ náà á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò ní mọ ohun tó ń wí. Wá ohun tí wọ́n lè fojú rí. Ní tèmi, yàrá tí mo sùn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Sharjah ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bedspace ni wọ́n ń pè é níbí: o ò háyà yàrá, bẹ́ẹ̀dì lo háyà. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ni wọ́n tò ní ìlà kan ṣoṣo, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára irin bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlà bẹ́ẹ̀dì yẹn ni lísìtì. Nọ́ńbà ara irin ni ipò. Èèyàn tó sùn sórí rẹ̀ ni ohun tí lísìtì gbé dání. Jẹ́ kó yé wọn pé nọ́ńbà kì í ṣe èèyàn. Tí ìyẹn bá yé wọn, o ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ.

Yàrá yẹn ní òfin kan. Ẹnu ọ̀nà ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń sùn, níbi tí ooru ti ń wọlé. Tí ẹnì kan bá wá kó lọ, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú ní bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè sún mọ́ ìtura. Tí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta bá lọ, ẹni tó wà lórí ìkẹrin á bọ́ sórí ìkẹta, ti ìkarùn-ún á bọ́ sórí ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bí a ṣe ń yọ orúkọ kúrò nínú lísìtì náà nìyẹn nínú BASIC. Ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ ọ́ fún un pé kí àwọn tó kù sún síwájú, kí àlàfo má bàa wà láàárín. Rántí òfin yìí, nítorí a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Èkejì, kọ́kọ́ béèrè ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni ìka tiwa fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n BASIC máa ń tọ́jú ipò òdo kan sí iwájú láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ̀. Púrógíráàmù tí mo kọ́kọ́ kọ ní ọ́fíìsì, ṣe ló yẹ kó máa kí àwọn òṣìṣẹ́ káàárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo to orúkọ wọn láti ipò kìíní, mo wá ní kó máa kí wọn láti ipò òdo. Ẹni tó kọ́kọ́ kí kò ní orúkọ: “Káàárọ̀,” àlàfo. Varghese, akọ̀wé ará Kerala tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Habibi, ta lò ń kí? Ṣé òkú wà nínú ọ́fíìsì yìí ni?”

Jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ náà ṣe àṣìṣe yẹn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Àṣìṣe tó bá hàn lójú gbogbo èèyàn kì í pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo fẹ́ kí o mọ Varghese, torí ó ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún méjìlá ló ti ń fi táípà tẹ gbogbo lísìtì iléeṣẹ́ wa kí ọ̀gá tó ra kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ tó ń di ẹrù àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Èkó ni, ọ́fíìsì wa ò jìnnà sí Naif. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, èmi tí mo jẹ́ tíṣà ìṣirò tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gá fà á lé lọ́wọ́. Orí mi wú. Mo ra ìwé BASIC kan, mo kà á tán láàárín oṣù méjì, mo wá ń rìn nínú ọ́fíìsì yẹn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé kò sí àṣìṣe mọ́ láyé. Ó wò mí, ó ní, “Ó dáa. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà yìí bá ṣàṣìṣe, ìwọ àti òun lẹ jọ ń lọ. Khalas, ó parí.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹ̀kẹta ni pé kí o máa fi lísìtì tó le dán iṣẹ́ rẹ wò. Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, Kẹ́hìndé.

O rántí ọdún tí mo ń wí. Ẹni ọdún mẹ́tàlá ni yín. Ìyá yín ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ẹ wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Òkè-Àdó, èmi sì wà níbí, mi ò lè sùn nítorí yín. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kó wa jọ, ó ní òun fẹ́ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ìyàwó àti ọmọ wọn wá, iléeṣẹ́ ló máa gba físà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa fi ìwé ránṣẹ́ sí imígíréṣọ̀n lọ́dún yẹn. Ó ní kí n fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé òun ló rán kọ̀ǹpútà sí mi nítorí ẹ̀yin méjèèjì.

Mo to orúkọ gbogbo wọn sínú lísìtì kan, ìyẹn lísìtì àwọn tó ń dúró. Ogójì orúkọ ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti pé, mo fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀; ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì pé, òdo. Nítorí pé èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ti àwọn ọmọ mi síwájú, mo bá fi yín sí ìparí. Táíwò ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, ìwọ tẹ̀ lé e, bí ẹnu ṣe máa ń pè yín. Ìwọ lo kẹ́yìn gbogbo lísìtì. Iṣẹ́ tí mo gbé fún púrógíráàmù náà kò le: kó rìn láti orí ìkíní lọ sí ìkẹyìn, ẹni tó bá bá pẹ̀lú ọ̀kan, kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú lísìtì àwọn tó ń bọ̀, kó sì yọ ọ́ kúrò nínú ti àwọn tó ń dúró, kó wá bọ́ sí ipò tó kàn.

Mo dán an wò pẹ̀lú orúkọ márùn-ún, ẹni kejì àti ẹni kẹrin ni ìwé wọn pé. Ó yọ àwọn méjèèjì jáde láìṣì ẹyọ kan. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Fún un ní lísìtì tí ẹni àkọ́kọ́ ti ń lọ, èyí tí ẹni ìkẹyìn ti ń lọ, èyí tí gbogbo wọn ń lọ, èyí tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fún un ní èyí tí ẹni méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ti jọ ń lọ. Èmi ò fún un ní ìyẹn. Ọmọ méjì tó jáde nínú ikùn kan náà ni mo bí, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti dán ẹni méjì tó tẹ̀ lé ara wọn wò.

Padà sínú yàrá bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ yẹn. Sọ pé ìwọ ni wọ́n ní kí o máa jí àwọn tó ń lọ. O dé orí bẹ́ẹ̀dì kẹta, o jí ẹni tó wà níbẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ní kíá, ẹni ìkẹrin ti bọ́ sórí ìkẹta. Ìwọ ò wẹ̀yìn, o ti ṣe ìkẹta, ìkẹrin ló kàn. Tí o bá dé ìkẹrin, ẹni tó jẹ́ ìkarùn-ún tẹ́lẹ̀ lo máa bá níbẹ̀. Ẹni tó sún síwájú yẹn, o ti kọjá rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró dè ọ́, o ò sì ní padà.

Ohun tí mo ṣe fún ọ nìyẹn. Púrógíráàmù náà dé ọ̀dọ̀ Táíwò, ó mú un. Ìwọ bọ́ sí àyè rẹ̀. Ó wá bọ́ sí ipò tó kàn, kò bá ẹnikẹ́ni, ó ní òun ti parí.

Ẹ̀kẹrin. Tí ẹnì kan bá pe àkíyèsí rẹ sí àṣìṣe, má fi gègé tún un ṣe. Lọ wá ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ lísìtì náà jáde, Varghese ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Kò gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Ó fi ìka tọ́ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè, ó wá kígbe, “Ìyàwó mi nìyí. Ọmọbìnrin mi dà?” Ìwé ìyàwó rẹ̀ pé, ti ọmọ rẹ̀ pé, mo sì tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Mo yára mú gègé, mo kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyá rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fo ìlà kan. Ó ní, “Ẹ̀rọ kì í fo ìlà, my friend. Wò ó dáadáa.” Mi ò wò ó. Ojú ń tì mí pé ó rí mi mú.

Mo wo orúkọ tiyín o. Má rò pé mi ò wò ó. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo rí Táíwò pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa, ọkàn mi balẹ̀, mo fi ìwé náà sínú àpò. Ará Kerala á ka orúkọ ọmọ rẹ̀ kan, á wá èkejì. Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá, tí mo bá ti rí Táíwò, kí ni mo tún ń wá? Láti ọjọ́ tí a ti bí yín, kò sí ìgbà tí mo pe Táíwò tí ahọ́n mi ò fúnra rẹ̀ fi Kẹ́hìndé kún un. Bí mo ṣe ka orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, mo gbọ́ tìrẹ nínú etí mi. Mo rò pé mo rí ọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mandúbù pè mí, ìyẹn ọkùnrin tó máa ń gbé ìwé iléeṣẹ́ lọ sí imígíréṣọ̀n. Ó fún mi ní físà kan. Mo ní, “Ó ku ọ̀kan.” Ó ní ọ̀kan ni. Mo ní ọmọ méjì ni mo kọ. Ó fa lísìtì yọ, òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, ó ní, “Inú kọ̀ǹpútà rẹ nìyí ti jáde. Kà á.” Mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣí lísìtì àwọn tó ń dúró. O wà níbẹ̀, Kẹ́hìndé. Yàtọ̀ sí ọmọ Varghese tí mo ti fi gègé kọ, òdo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tó kù. Ìwọ ni ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ìwé rẹ pé pérépéré, o sì wà láàárín àwọn tí tiwọn ò pé.

Mandúbù yẹn ò burú. Ó ní, “Yalla, ó yá, lọ bá ọ̀gá. Sọ pé kọ̀ǹpútà gbàgbé ọmọ rẹ. Tí ó bá kọ lẹ́tà míì lónìí, màá sáré mú un lọ.” Mo gòkè lọ. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú. Mo ro ọ̀rọ̀ tó sọ pé èmi àti kọ̀ǹpútà la jọ ń lọ. Mo rò pé tí ó bá lé mi, físà tèmi á dópin, Táíwò náà ò ní lè wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà ní Ìbàdàn láìníṣẹ́. Mo ní kí n mú ọ̀kan ná, kí n fi orúkọ rẹ sí ti ọdún tó ń bọ̀. Mo yí padà, mo sọ̀kalẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà kò tilẹ̀ tì pa.

Tí o bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, mú èyí: wọ yàrá yẹn. Lọ́jọ́ tí o bá ṣàṣìṣe níbi iṣẹ́, wọ yàrá ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, jẹ́ kó bú ọ, jẹ́ kó lé ọ. Mo ti ro ó fún ọdún méje, mi ò sì rí ohun kan tó lè ṣe mí nínú yàrá yẹn tó burú tó ohun tí mo ṣe fún ọ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀.

O mọ ìyókù, àfi pé irọ́ ni mo fi sọ ọ́ fún ọ. Mo pe tẹlifóònù àwọn aládùúgbò yín. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ìjọba ibí ló ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí a máa mú. Wọ́n gbé fóònù fún ọ. O ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo lo bi mí: “Bàbá, ta lẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀?”

Mo ní, “Táíwò.”

O ní, “Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà.”

O gbé fóònù padà fún Ìyá Àgbà. Òótọ́ ni mo sọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ tó burú jù tí mo lè sọ lọ́jọ́ yẹn. O gbà pé mo yan Táíwò torí pé ọmọkùnrin ni, tí ìwọ sì jẹ́ obìnrin. Bí mo bá fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àfi kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, mo sì dákẹ́.

Lísìtì ọdún tó ń bọ̀ ò dé. Ọ̀gá ta iléeṣẹ́ náà, àwọn tó rà á ò gba ẹbí òṣìṣẹ́ kankan. Èmi náà kúrò níbẹ̀, mo wá sí ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí ní Naif, níbi tí mo ti ń tẹ orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ẹrù. Ojú Ìyá Àgbà ń ṣú, ìwọ lo di ojú fún wọn. Mo gbọ́ pé o fi ilé ìwé sílẹ̀ fún odidi ọdún kan nítorí wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlá tí mo fi sílẹ̀ ló ń dáná, tó ń fa màmá arúgbó lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù, nígbà tí Táíwò wà nílé ìwé níbí. Nígbà tí mo wá rí ẹni tó lè bá mi gba físà fún ọ, o ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, o sì kọ̀wé sí mi pé: “Ẹ má ṣe wàhálà mọ́, sà. Ẹni tí ẹ fẹ́ ti wà lọ́dọ̀ yín.” Ìwé tí o kọ kẹ́yìn nìyẹn kí ìlà mẹ́ta yìí tó dé.

Mi ò mọ iye ẹ̀kọ́ tí mo kà dé mọ́ nínú lẹ́tà yìí. Bóyá ẹ̀karùn-ún ni. Táíwò ò mọ ìkankan nínú èyí. Òun náà gbà pé mo yan òun. Ní ọjọ́ ìbí yín, kì í jẹ́ kí n kí òun, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etí omi ní Deira, á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Mo rò nígbà kan pé ó kéré tán mo ti ṣe ọ̀kan nínú yín lóore. Mi ò ṣe é. Tí mo bá ti fi ìwé yìí lé Alhaja lọ́wọ́, màá sọ fún òun náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ṣeé ṣe kí n máà ní ọmọ kankan mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ọ́. Ọdún mẹ́tàlá sí ogún kì í padà, kò sì sí ìwé tí mo lè tẹ̀ tó máa mú un padà. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tí mo jókòó tí mo yan ọ̀kan nínú yín. Òmùgọ̀ ni mí, ojo sì ni mí. Mi ò kọ̀ ọ́.

Ó wá ku ohun tí o béèrè, nítorí ọjọ́ kíláàsì rẹ ń bọ̀. Tí àwọn ọmọ náà bá fẹ́ máa yọ orúkọ kúrò nínú lísìtì bí wọ́n ṣe ń rìn nínú rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà. Èmi kọ ọ́ báyìí, N ni iye orúkọ tó wà nínú lísìtì:

FOR I = 1 TO N

Ohun tó yẹ kí n kọ nìyí:

FOR I = N TO 1 STEP -1

Ìyẹn ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni ìkẹyìn, kó máa bọ̀ síwájú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá mú ẹnì kan, àwọn tó máa sún ni àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni náà, ó sì ti rí gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Kò ní fo ẹnikẹ́ni. Fi bẹ́ẹ̀dì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: ẹnu ọ̀nà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí jí wọn, níbi tí ooru wà. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè pé ta ló kọ́ ọ, sọ ohun tó bá wù ọ́.

Lánàá, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù fún ìsinmi ọ̀sán, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà níbí, mo tún púrógíráàmù yẹn kọ. Mo tẹ gbogbo ogójì orúkọ náà bí mo ṣe rántí wọn. Mo to ìyàwó Varghese, mo to ọmọ rẹ̀, mo to Táíwò, mo to ìwọ ní ìparí, mo sì fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mi ò ronú pé ẹni tó kẹ́yìn gbogbo wọn ló máa wá ṣíwájú. Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ni tìrẹ, kí ti ẹnikẹ́ni tó jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo sì fi ìwé náà sínú àpò lẹ́tà yìí. Kò sí ọ́fíìsì tí mo lè gbé e lọ.

Níbí, Bàbá Táyé ni gbogbo èèyàn ń pè mí, nítorí òun nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọdún méje ni mo ti ń dáhùn, tí mi ò tún un ṣe lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.

Èmi ni,
Bàbá Kẹ́hìndé.